"Mo San" Kì Í Ṣe "I Pay": Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Gbọ́!

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Tápà, Ayétẹ̀ àti gbogbo Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tí kò bá ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ WAEC tàbí NECO, agbára káká ni yóò fi rí yunifásítì wọ̀.

Níbo ni wàhálà wà? Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà. "San" lónìí, "san" lánàá, "san" lọ́la. Ọ̀rọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà: mo ti san, mo ń san, mo máa san. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ a máa pa aṣọ dà: pay, paid.

"Mo san owó náà": owó ti kúrò lápò nìyẹn. "I paid" ni, kì í ṣe "I pay". Bí ọmọ bá sì lọ kọ "I will pay" sínú ìwé àdéhùn, gbèsè ṣì wà lọ́rùn yín nìyẹn! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré lè dá ìjà ńlá sílẹ̀?

"Ń" wa náà ń ṣi ọmọ lọ́nà. "Mo ń ta gàrí" lè jẹ́ pé ẹ ń wọn ọ́n lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ yín nìyẹn. Ti ìsinsìnyí ni "I am selling". Ti iṣẹ́ òòjọ́ ni "I sell".

Bí ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bi ọmọ léèrè ní Yorùbá pé: "Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Bó bá dárúkọ àná tàbí ọjọ́ ọjà tó kọjá, "paid" ni. Bí kò bá dárúkọ ọjọ́, tó kàn ní òun ti san, "have paid" ni. Tí "did" bá ti wọlé, kó má yí ọ̀rọ̀ ìṣe mọ́: "I did not pay."

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ o. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níṣẹ́ gbogbo fún ọdún 6, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín, kẹ́ ẹ bi í: "Ìgbà wo?"