Ṣòkòtò àgbàbọ̀ tó já Ariane 5 lulẹ̀

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní Guiana ilẹ̀ Faransé. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi yà bàrá, tó sì fọ́ yángá lójú ọ̀run, tòun ti sátẹ́láìtì mẹ́rin tó gbé.

Ẹ́ńjìnnì kò kọṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kọjú sí ló dákú. Sọ́fítíwíà Ariane 4, tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ni wọ́n gbé wọ àbúrò rẹ̀. Ìṣirò kan nínú rẹ̀ ń ki nọ́ńbà bọ àyè tí kò gbà ju 32,767 lọ. Ariane 4 kì í sáré débi tí àyè náà á kún. Ti Ariane 5 kún un ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 37 lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì tan. Kọ̀ǹpútà adelé ńkọ́? Sọ́fítíwíà kan náà ló wà nínú rẹ̀. Òun ló tiẹ̀ kọ́kọ́ dákú.

Èdè Ada ni wọ́n fi kọ sọ́fítíwíà náà, kì í ṣe ọ̀nà ìkọ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní object-oriented, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Dahl àti Nygaard dá sílẹ̀ ní Norway. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn gan-an ló sọ àtúnlò di iṣẹ́ òòjọ́: ẹyọ sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan á di ẹrù tirẹ̀ mọ́ra, ẹni tó bá fẹ́ á gbé e. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, tó máa ń wà nínú ìwé ńlá kan tẹ́lẹ̀, wá di ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé ìròyìn Computer, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, Bertrand Meyer àti Jean-Marc Jézéquel ní kí ẹyọ kankan má ṣe rìn láìmú àdéhùn rẹ̀ dání: ohun tó fẹ́ gbà, àti ohun tó máa fi san án. Ká ní wọ́n kọ 32,767 yẹn sára rẹ̀ gbangba ni, ẹni tó ń gbé e lọ ì bá rí i.

Mo gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Jacques-Louis Lions, tó wádìí ìjàǹbá náà, rí i pé ìwé ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà kò mẹ́nu ba ọ̀nà tí Ariane 5 máa gbà fò rárá. Àdéhùn wo ló fẹ́ bá ìyẹn wí? Ìṣirò tó pa rọ́kẹ́ẹ̀tì náà pàápàá kò níṣẹ́ kankan lẹ́yìn ìgbéra. Lórí Ariane 4, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa lọ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, torí bí wọ́n bá dá ìgbéra dúró lójijì, wọn ò ní tún ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ètò Ariane 5 kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa ìṣirò náà.