Igi Ìṣirò àti Orúkọ Nọ́ńbà: Ohun tí Ọwọ́ Ń Ṣe àti Ohun tí Ẹnu Ń Sọ ní Kíláàsì

1. Ìfáárà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Savalou, igi tẹ́ẹ́rẹ́ la fi kọ́ ìṣirò. Bûchettes ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. A ó so mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀ ní ìdì kan, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ láìso. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí n fi igi ṣe quarante-cinq. Mo kó ìdì mẹ́fà jáde, mo dá ọ̀kan padà, mo tú òmíràn, mo sì mú igi márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta gan-an ló kù lórí tábìlì, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo mọ̀ ọ́n. Bí ìyá àgbà mi, ọmọ Kétu tó ń ta iṣu ní ọjà, ṣe máa ń kà á ni mo ṣe kà á. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Faransé tó èyí tí mo lè fi ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá sọ èdè ilé ní kíláàsì, wọn yóò fi signal kọ́ ọ lọ́rùn. Mo dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun èlò tí a ń fojú rí, tí a sì ń fọwọ́ kàn, kì í dá sọ̀rọ̀. Kí igi tó lè la ọmọ lóye, ó yẹ kí ọ̀nà tí a gbà tò ó bá ọ̀nà tí èdè ọmọ náà gbà to nọ́ńbà mu.

2. Ìṣirò tó wà nínú orúkọ

Ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, àádọ́ta sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì:

márùndínláàádọ́ta = (20 × 3) − 10 − 5
quarante-cinq = (4 × 10) + 5

mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún = (20 × 5) − 3
quatre-vingt-dix-sept = (4 × 20) + 10 + 7

Àpẹẹrẹ kejì fi hàn pé Faransé pàápàá ní ogún nínú. Àròpọ̀ ló ń ṣe, nígbà tí Yorùbá ń ṣe àyọkúrò.

Ní èdè Fọn, tí Máhì ìlú Savalou súnmọ́ pẹ́kípẹ́kí, kanɖé ni ogójì. Kan ni okùn, ɖé sì tọ́ka sí ẹyọ kan. Owó ẹyọ ló bí orúkọ yìí. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ohun èlò àfojúrí ti wà nínú èdè wa kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé.

3. Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's "A" ní Mòdákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ tí a fi wé wọn bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá parí kò rẹ̀yìn. Èsì wọn tilẹ̀ dára jù, títí kan ti Gẹ̀ẹ́sì.

Helen Verran, tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní yunifásítì kan náà, sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ kan nínú ìwé rẹ̀ Science and an African Logic (2001). Olùkọ́ yìí ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn gíga ara wọn, kí wọ́n sì wé okùn náà mọ́ páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí wọ́n wá ka ìwé náà. Ìdì ni nọ́ńbà jẹ́ lọ́wọ́ wọn, bó ṣe jẹ́ ìdì lẹ́nu wọn.

4. Àbá

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a so igi ní ogún ogún, kí ìdì mẹ́wàá méjì wà nínú ìdì ogún kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe: «mo mú mẹ́wàá kúrò, mo tún mú márùn-ún kúrò». Lẹ́yìn èyí ni kí orúkọ Faransé àti 45 tó dé, kí ọmọ rí i pé ìdì mẹ́wàá mẹ́rin ni 4 yẹn. Ẹ̀wá ni ìpìlẹ̀ nọ́ńbà tí a ń kọ sílẹ̀, ọmọ sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀; ibi tó ti máa gbéra ni mò ń sọ. Lóòótọ́, ọmọ Máhì, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Itcha lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Savalou tàbí Bantè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fi ogún kà. Ìdì kan náà yóò wúlò fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sáyẹ́ǹsì rí. Ẹyin tútù máa ń rì nínú omi lásán. Bí a bá po iyọ̀ púpọ̀ mọ́ omi náà, yóò léfòó. Gbogbo kíláàsì ló máa rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí masse volumique nìkan wà lẹ́nu rẹ̀ lè há a sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbé ìgò méjì tó dọ́gba, tó sì sọ pé «ìgò omi oníyọ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ», ti dé ìdí ọ̀rọ̀.

5. Ìparí

Àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn procédé La Martinière: wọ́n á béèrè, a ó ṣírò, a ó gbé síléètì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Síléètì máa ń fi èsì hàn, kì í fi ọ̀nà hàn. Ká ní olùkọ́ mi bi mí lọ́jọ́ náà, ní èdè tí mo lè fi dáhùn, pé «báwo lo ṣe ṣe é?», ì bá rí i pé ọmọ tó ní kò mọ nǹkan ti ń ṣe àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì.