Wáṣà Ìdí Sọ́ǹpù: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ń Ní Ká Máa Pààrọ̀ Rẹ̀?

Bí ọkọ̀ bá ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ohun tó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kó mú sípánà, kó tún de nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ǹpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, le sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ọ̀tì yẹn kọ́ ló ń dá ọ́ìlì dúró. Wáṣà pẹlẹbẹ abẹ́ orí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà.

Tíréèdì ara nọ́ọ̀tì kò lè dí ọ̀nà ọ́ìlì. Àyè tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ihò sọ́ǹpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì ò ní wọlé. Ọ́ìlì lè gba àyè yẹn yí wá títí dé abẹ́ orí nọ́ọ̀tì. Ojú irin tó pàdé níbẹ̀ ń dán lójú wa, ṣùgbọ́n ó kún fún ìlà àti kòtò tí ojú ò lè rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ohun tó rọ̀ ju irin lọ, bíi bàbà tàbí alumíníọ̀mù. Bí nọ́ọ̀tì bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa ya wọ inú àwọn kòtò náà, tí yóò sì dí wọn pa.

Agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe kékeré. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota kéékèèké, ìwé ilé-iṣẹ́ ní ká fi nǹkan bíi Newton-mítà 37 sí 40 de nọ́ọ̀tì náà. Lórí sípánà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kò ju kéèyàn fi ìwọ̀n bíi kílò 20 tẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ. Àmọ́ tíréèdì ń sọ agbára kékeré di ńlá, débi pé ohun tó ń bọ́ sórí wáṣà ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Kò sídìí tẹ́nikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gun sípánà.

Bàbà tí a bá ti tẹ̀ báyìí kì í rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò ní ẹsẹẹsẹ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹsẹ náà á máa yọ̀ lórí ara wọn, títí wọn yóò fi dí ara wọn lọ́nà tí wọn ò sì ní lè yọ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu bàbà mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló fi máa ń dá a padà sínú iná. Bó ṣe rí náà nìyí fún ẹni tó bá fi wáṣà bàbà àtijọ́ sínú iná títí ó fi pọ́n: yóò rọ̀ padà lóòótọ́, yálà ó jù ú sómi tàbí ó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má dán an wò lórí alumíníọ̀mù o. Ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́, kò sì ní pọ́n lójú yín kó tó dà.

Mi ò sọ pé gbogbo wáṣà àtijọ́ ló ń jò. Ọ̀pọ̀ ló tún ń dúró lẹ́ẹ̀kejì, torí pé pọ́ńbù ẹ́ńjìnì kì í ti ọ́ìlì inú sọ́ǹpù, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wàhálà ńlá wà níbi tí wáṣà tó ti le bá ń jò, tí onímọ́tò sì ń fagídí dè é. Sọ́ǹpù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, alumíníọ̀mù ni. Nọ́ọ̀tì, irin ni. Èyí tó rọ̀ ni yóò jẹ. Tíréèdì sọ́ǹpù á bàjẹ́, nọ́ọ̀tì á máa yí lásán, owó táṣẹ́rẹ́ wáṣà á sì di owó sọ́ǹpù. Gọ́ọ̀mù táwọn kan ń fi sí i kì í ṣe àtúnṣe. Èyí tó bá já sínú ọ́ìlì lè lọ dí asẹ́ pọ́ńbù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, kó má fi nọ́ńbà sípánà ra wáṣà. Sípánà 14 ló sábà ń tú ti Toyota, ṣùgbọ́n ihò wáṣà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12. Ti Honda ń lo sípánà 17, ihò wáṣà rẹ̀ sì jẹ́ 14. Ní ti tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ọ̀tì gan-an kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, ẹni tó lò ó ṣáájú lè ti fi òmíràn tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló sì ń lo irú wáṣà yìí: àwọn Volkswagen kan wà tí nọ́ọ̀tì wọn jẹ́ ike, tí wọ́n ń sọ òun àti rọ́bà rẹ̀ nù pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wáṣà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ sọ́ǹpù nígbà míì. Ẹ fọwọ́ pa ojú ibẹ̀ wò, torí tuntun lórí àtijọ́, jíjò ni. Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì títí tó fi jókòó, kẹ́ ẹ tó mú sípánà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dè é, tẹ́ ẹ sì ti da ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì ń kán, ẹ má dè é sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé abọ́ tó mọ́ síbẹ̀, ẹ tú u, kẹ́ ẹ pààrọ̀ wáṣà. Ọ́ìlì tuntun inú abọ́ yẹn ṣì ṣeé dà padà.