Àwọn Oníbéèsì: Ẹ̀yìn Olórin Ni Wọ́n Ń Dúró Sí, Àmọ́ Àwọn Ló Gbé Agbo Ró

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí olórin bá ń kọrin lóde ìnáwó, òun ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí onígángan bá fi ìlù ki olóde, olóde yóò yíjú sí i, yóò sì náwó fún un. Àmọ́ ẹnì kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídírọ́ọ̀mù, tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í ṣe ju kó máa mi orí lọ, tí ìka rẹ̀ kò sì sinmi láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni oníbéèsì. Bí ó bá ta okùn kan ṣì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn yóò mọ̀. Bí ó bá sì dákẹ́ pátápátá, agbo yóò tú.

Ẹni tó bá mọ ìlù dùndún dáadáa ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń kini, òun náà ló ń pa òwe. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ohun kan náà ni wọ́n ń lù ní àlùtúnlù, kí ìyá ìlù lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó máa dárà. Iṣẹ́ yìí ni béèsì ń ṣe nínú jùjú, nínú háíláìfù àti nínú orin ìjọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìlù, ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ orin, nítorí òun ló ń sọ fún àwọn onígìtá yòókù àti àwọn elégbè ibi tí ohùn wà.

Agídìgbo ló kọ́kọ́ ṣe é

Àwọn àgbà tó mọ Èkó àti Ìbàdàn láyé ọdún 1950 sí 1959 yóò rántí pé kì í ṣe gìtá oníná ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Agídìgbo ni. Àpótí onígi ni, tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí onítọ̀hún yóò máa fi ìka ta irin náà tí yóò sì máa dún wúwo. Òun ni wọ́n ń pòwe mọ́ pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Fatai Rolling Dollar, tó dolóògbé ní ọdún 2013, wà lára àwọn tó lu agídìgbo kí òkìkí gìtá rẹ̀ tó kàn. Àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù ńláńlá ní tiwọn ń lo béèsì onígi tó ga ju ènìyàn lọ, èyí tí wọ́n ń gbé nàró ta.

Ní ọdún 1951 ni Leo Fender ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà gbé béèsì oníná tirẹ̀ tó ń jẹ́ Precision jáde. Ó ṣeé gbé kọ́rùn, ó ṣeé kó sínú mọ́tò, bí wọ́n bá sì ti so ó mọ́ ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ yóò bo gbogbo ìlù. Ebenezer Obey, tó ti bá Fatai Rolling Dollar ṣeré tẹ́lẹ̀, dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé náà dá Green Spots sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1967. Lásìkò àwọn méjèèjì yìí ni jùjú fẹ̀ sí i, tí gìtá pọ̀ sí i, tí béèsì oníná sì di ohun tí ẹgbẹ́ jùjú kò lè ṣe aláìní. Nígbà tí iléeṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe jáde ní 1982, gbogbo ayé ló gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn.

Okùn mẹ́rin, iṣẹ́ púpọ̀

Okùn mẹ́rin ni béèsì sábà máa ń ní, wọ́n sì ń pè wọ́n ní E, A, D àti G. Àwọn kan ń lo olókùn márùn-ún. Okùn tó nípọn jù nínú mẹ́rin náà ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìdajì iye ìgbà tí okùn tó nípọn jù lára gìtá kékeré ń gbọ̀n. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi ń wọ àyà kó tó wọ etí. Okùn béèsì gùn tó nǹkan bí ínṣì 34, nígbà tí ti gìtá kékeré kò ju bí ínṣì 25 lọ. Ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ na gan-an kó tó lè tẹ okùn wọ̀nyí. Ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò lé ròrò, yóò bó, lẹ́yìn náà ni yóò wá le bí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń le lára èèkù ọkọ́.

Wàhálà ibẹ̀ kò mọ sí ọwọ́ nìkan. Ojú oníbéèsì wà lára ọ̀gá, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìlù ńlá tí onídírọ́ọ̀mù ń fẹsẹ̀ lù. Eré jùjú kì í dúró bí orin kan bá parí, ńṣe ni wọ́n ń fi ọ̀kan wọ inú èkejì. Bí ọ̀gá bá rí àlejò pàtàkì, ó lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í. Ní gbogbo àkókò yẹn, oníbéèsì kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Olórin lè mu omi, elégbè lè nu ojú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta béèsì kò ní ọwọ́ tí yóò fi lé eṣinṣin.

Láti ọjọ́ Sátidé di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú

Bí òde bá wà lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sán ni wọ́n ti ń di ẹrù sínú mọ́tò: sípíkà, míkísà, wáyà, dírọ́ọ̀mù àti jẹnẹrétọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé e, oníbéèsì náà sì ń gbé tirẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọn yóò to gbogbo rẹ̀, wọn yóò sì dán ohùn wò. Ọ̀pọ̀ òde ni kì í parí kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ó bá sì jẹ́ òkú àgbà, ó lè di òru. Wọn yóò tú ẹrù palẹ̀, wọn yóò dì í padà, wọn yóò sì forí lé ọ̀nà lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò tún gbé béèsì kọ́rùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń fún wọn ní owó díẹ̀ lóṣù, tàbí tí wọ́n ti ń ṣe é fún Ọlọ́run lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti owó, iye kan ni ọ̀gá ń san fún ọmọ ẹgbẹ́ lóde kọ̀ọ̀kan. Owó tí àwọn àlejò ń ná, ọwọ́ ọ̀gá ló ń lọ kó tó di pé wọ́n pín in. Nítorí pé ẹ̀yìn ni oníbéèsì wà, owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún wá yí padà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa fọ́n náírà tàbí kó máa jó lórí rẹ̀ lóde. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin náà kò mú ẹni púpọ̀. Ní ọdún 2024 ni àjọ EFCC gbé àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀ káàkiri lọ sílé ẹjọ́, tí adájọ́ sì dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ olóde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórin lóore lè fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù sínú àkáǹtì ọ̀gá. Láyé àtijọ́, oníbéèsì kò fọwọ́ kan owó náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí i. Èyí tó gba inú fóònù wọlé, ojú rẹ̀ kò lè rí i.

Ẹni tó ni ohun èlò ló ni ọ̀rọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀gá ló ni béèsì. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní tirẹ̀ dà bí àgbẹ̀ tó ń yá ọkọ́: bí ìjà bá dé, ọwọ́ òfìfo ni yóò kúrò níbẹ̀, kò sì ní lè gba òde ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ìlàkàkà gbogbo oníbéèsì fi jẹ́ kó ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Kí ìjọba tó jáwọ́ nínú dídá iye owó dọ́là dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦465. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Béèsì kan tí wọ́n ń tà ní dọ́là 200, tó jẹ́ ₦93,000 tẹ́lẹ̀, wá di ₦300,000, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti owó orí ibodè. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wá gbà.

Okùn tuntun náà kò dínwó. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n ń tú okùn tó ti gbó, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná kí òógùn àti ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀ lè bọ́. Ohùn rẹ̀ yóò jí fún ọjọ́ mélòó kan, yóò sì tún kú padà. Bí òjò ṣe ń mú kí awọ gángan dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọjọ́ ń da béèsì láàmú. Igi ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ nígbà ọyẹ́ tàbí nígbà òjò, irin kan sì wà nínú ọrùn náà tí wọ́n ń yí láti tún un ṣe.

Iná ló burú jù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń lọ sókè sódò, ẹ̀rọ lè jóná. Bí wáyà ilẹ̀ kò bá dára, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ní ọdún 1972, nílùú Swansea ní Wales, Les Harvey tó jẹ́ onígìtá kú lórí ìtàgé nígbà tó fọwọ́ kan makirofóònù tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò dáa. Ẹni tó bá gbé olórin wá sílé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré.

Etí náà wà nínú ewu. Àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, sọ pé ariwo tó bá tó decibel 85 kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ létí ènìyàn lójúmọ́. Bí ó bá tó 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹni tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ní gbogbo Sátidé ti kọjá ìyẹn ná. Òwú lásán kò ràn án. Èdídí etí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ló dára, kò sì wọ́n tó okùn béèsì.

Ta ni yóò ta á lọ́la?

Ní báyìí, ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù lè ṣe ohùn béèsì, kọ̀ǹpútà sì ń ṣe é ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin ló ti fi ìyẹn dín iye ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kù. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí ìjọba fòfin de àpèjẹ, ẹni tó jẹ́ pé òde nìkan ló fi ń jẹun kò ní owó oṣù kankan láti gbójú lé. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń gbàgbé ẹni ẹ̀yìn. James Jamerson ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ àwo tó gbajúmọ̀ ní iléeṣẹ́ Motown nílùú Detroit láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 wá. Ọdún 1971, lórí àwo What's Going On tí Marvin Gaye ṣe, ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo níbẹ̀. Ó kú ní 1983.

Ohun tí àwọn oníbéèsì ilẹ̀ yìí ń fẹ́ kò ṣòro fún ọ̀gá rere láti ṣe: kí iye owó òde di mímọ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìpín wọn nínú owó tó bá wọlé yé tọmọdé tàgbà nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sára àwo. Ní ti olóde, kó pèsè iná tó dúró ṣinṣin, kó sì rántí pé oúnjẹ tó tó olórin tó àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe lóore, kó rìn kọjá olórin, kó rìn kọjá onígángan, kó dé ẹ̀gbẹ́ onídírọ́ọ̀mù. Yóò bá ẹni tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ jó níbẹ̀.