Kí A Tó Ṣílẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà fún Ẹni Òkèèrè

Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í ṣàdédé já wọ ilé onílé. Ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà yóò sálámà tàbí kí ó ké àgò, yóò sì dúró títí onílé yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tọkùnrin tobìnrin, àṣà rere yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ó ti wọ ilé púpọ̀ lónìí, èyíinì ni ètò tí ẹnì kan fi lè jókòó sí Lọ́ndọ̀nù, kí ó sì máa lo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìbàdàn bí ẹni pé iwájú rẹ̀ gan-an ni ó wà.

Ẹ má ṣe rò pé idán ni. Kọ̀ǹpútà tí ó wà nílé ni ó ń ya àwòrán ojú ara rẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹni tí ó wà lókèèrè. Bí ẹni náà bá tẹ lẹ́tà kan, tàbí tí ó ti máòsì sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìròyìn rẹ̀ yóò padà wá bá ẹ̀rọ ilé, ẹ̀rọ ilé yóò sì ṣe bí a ti wí fún un. Iṣẹ́ náà kò kúrò nílé. Àwòrán ni ó ń rìnrìn àjò. Kí dátà má baà jẹ owó jù, ètò náà kì í fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ nígbà gbogbo; apá ibi tí ó bá yí padà nìkan ni ó ń fi ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń yá bí a bá ń kọ ìwé lórí rẹ̀, tí ó sì máa ń fà bí a bá ní kí a wo sinimá.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1984 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní X, èyí tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kan ń ṣe lè hàn lójú òmíràn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Olivetti àti Oracle ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Tristan Richardson àti Andy Hopper wà nínú wọn, ṣe èyí tí à ń pè ní VNC, wọ́n sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ ní ọdún 1998. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft gbé tirẹ̀ jáde, tí à ń pè ní RDP. TeamViewer ti ilẹ̀ Jámánì dé ní ọdún 2005.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ VNC, ẹni tí ó wà nílé àti ẹni tí ó wà lókèèrè jọ ń wo ojú kan náà ni. Ohun tí ọ̀kan ṣe, èkejì ń rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi RDP wọ Windows inú ilé, ojú ẹ̀rọ tí ó wà nílé yóò tì pa, ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ kì yóò sì rí ohun tí ó ń lọ. RDP dára fún òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni ó fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí àwọn méjèèjì jọ ń wò ni ó dára jù lọ.

Àǹfààní rẹ̀ fún ìdílé kò kéré. Ìyá tí ó ń kọ ìṣirò ọjà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lè bá a pé ìwé ìṣirò náà kò ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà ní ìlú òyìnbó. Láyé àtijọ́, ó di ìgbà tí ọmọ bá wálé. Nísinsìnyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè tó. Nínú Windows, ètò kan wà tí à ń pè ní Quick Assist. Ọmọ yóò gba kóòdù kan láti inú tirẹ̀, yóò pè é fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìyá yóò kọ́kọ́ gbà kí ọmọ máa wò. Bí ọmọ bá sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, yóò tún tọrọ ààyè. Ó kù sí ọwọ́ ìyá láti gbà tàbí láti kọ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà Mac náà ní tiwọn nínú. Àmọ́ ṣá o, bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, kò sí ẹni tí yóò dá àgò lóhùn. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ wọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn.

Ibi tí ewu wà nìyí. Gbájúẹ̀ náà mọ ètò yìí dáadáa. Yóò pe ìyá ilé lórí fóònù, yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ẹ káàsán, mà. Báńkì yín ni mo ti ń pè. Wàhálà kan wà lórí àkáǹtì yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ètò kékeré kan sórí fóònù yín, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tí ó bá hàn fún mi.” Bí ìyá bá ka nọ́ńbà náà tí ó sì tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn fún olè nìyẹn. Olè yóò máa wo ojú fóònù bí ó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, yóò sì rí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2019, báńkì àgbà ilẹ̀ Íńdíà kìlọ̀ fún àwọn báńkì ibẹ̀ nípa irú jìbìtì yìí gan-an. Ètò náà kò ní ẹ̀bi. Ẹni tí a ṣílẹ̀kùn fún ni.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di àwọn nǹkan wọ̀nyí mú.

Èkíní: ẹ̀yin ni kí ẹ pe olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe òun ni kí ó pè yín. Àlejò tí ẹ kò mọ̀ tí ó bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà fún òun, ẹ pa fóònù dé. Bí ó bá ní báńkì ni òun, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ sí báńkì.

Èkejì: ẹ jókòó tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí ẹ sì rí i pé ètò náà ti padé kí ẹ tó dìde. Ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé báńkì yín nígbà tí ẹlòmíràn ń wò.

Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá ń lo VNC àtijọ́, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni ó ń kà, àti pé àwòrán rẹ̀ ń rìn ní gbangba láìsí ìbòjú. Ẹ má ṣe ṣí i sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lásán. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi SSH tàbí VPN bò ó.

Ẹ̀kẹrin: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba àtúnṣe tí àwọn tí ó ṣe é ń fi ránṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Microsoft kéde ihò kan nínú RDP tí ó léwu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe fún Windows XP pàápàá, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014.

Ọ̀rọ̀ tún kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Àmánà ni kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn jẹ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tí wọ́n pè yín sí ni kí ẹ ṣe. Ẹ má ṣe tú lẹ́tà wọn wò, ẹ má ṣe yẹ àwòrán wọn wò, ẹ má sì ṣe dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ tí ẹ óò fi máa wọlé lẹ́yìn náà tí onílé kò mọ̀. Ìyàwó kò gbọdọ̀ ṣe é sí ọkọ, ọkọ kò sì gbọdọ̀ ṣe é sí ìyàwó. Ẹni tí ó bá ń yọ́ wo ẹ̀rọ ẹnì kejì rẹ̀ ti ba ìfọkàntán jẹ́, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí yóò bá a tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ pe àwọn ìyá yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ jọ fi ẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ sọ kí ìyá tó gbà fún un. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, ìta ni kí ó dúró sí.