Ohun tí Ẹ̀rọ Mọ̀ àti Ohun tí A Sọ Fún Un: Ìṣètò AIS Lórí Odò Thames ní Woolwich àti Thamesmead

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1878, ọkọ̀ èrò Princess Alice àti Bywell Castle, ọkọ̀ tí ń kó èédú, kọlu ara wọn ní Gallions Reach, lẹ́bàá ibi tí Thamesmead wà lónìí. Ènìyàn tí ó lé ní 600 ni ó kú. Àwọn atukọ̀ méjèèjì rí ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ṣe kò yé ẹnì kìíní. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1997, ọkọ̀ Sand Kite forí sọ Thames Barrier nínú kùrukùru, kò jìnnà sí Woolwich. Irú ewu báyìí ni ẹ̀rọ AIS wá láti dín kù. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀, àti ìdí tí ìwúlò rẹ̀ fi dúró lórí òtítọ́ ẹni tí ó ṣètò rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

AIS ń lo ìkànnì rédíò méjì: 161.975 MHz àti 162.025 MHz. A pín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sí àyè 2,250 lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Aago GPS ni gbogbo ọkọ̀ ń tẹ̀ lé, ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ ńlá a sì máa kéde àyè tí yóò lò tẹ̀ lé èyí tí ó ń lò, kí ọ̀rọ̀ méjì má baà forí gbárí. Nípa báyìí, wọn kò nílò alága tí yóò máa pín ọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ Class A tí ó wà lórí àwọn ọkọ̀ ńlá ń lo agbára 12.5 wáàtì. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, a máa jíṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 10. Bí ó bá dákọ̀ró, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 3.

Oríṣi ìròyìn mẹ́ta

Ìkíní ni èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń wá: ibi tí ọkọ̀ wà, ìyára rẹ̀ àti ìhà tí ó kọjú sí. Ìkejì ni ìdánimọ̀ tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé e kalẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí atukọ̀ ń yí padà ní ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, bí ibi tí ó ń lọ àti bóyá ó dákọ̀ró tàbí ó ń rìn.

Pàtàkì ìdánimọ̀ ni nọ́ńbà MMSI, tí ó ní díjíìtì 9. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dà bí ìlà ojú láyé àtijọ́, nítorí ó ń sọ ilé tí ọkọ̀ ti wá: 232 sí 235 fún Britain, 657 fún Nàìjíríà, 610 fún Benin, 671 fún Togo. Bí ọkọ̀ méjì bá ń lo nọ́ńbà kan náà, àmì kan ṣoṣo ni yóò máa fò láti ibìkan sí ibòmíràn lójú ẹ̀rọ àwọn tí ń wò wọ́n.

Ìwọ̀n áńténà

Ibi tí áńténà GPS wà ni ẹ̀rọ ń kéde, kì í ṣe imú ọkọ̀. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ tẹ ìwọ̀n mẹ́rin sínú rẹ̀: láti áńténà dé iwájú (A), dé ẹ̀yìn (B), dé òsì (C) àti dé ọ̀tún (D). Ká ní ọkọ̀ kan gùn ní mítà 60, tí áńténà rẹ̀ sì jìnnà sí iwájú ní mítà 45: A jẹ́ 45, B jẹ́ 15. Bí a bá ṣi méjèèjì gbé fún ara wọn, imú ọkọ̀ náà gan-an yóò fi mítà 30 ṣáájú ibi tí àwòrán fi í sí. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún Woolwich Ferry, tí ó ń dábùú odò níwájú àwọn ọkọ̀ mìíràn. Bákan náà, ọkọ̀ Ben Woollacott àti Dame Vera Lynn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2019, ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ní orí méjèèjì. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, orí tí kọ́ńpáàsì pè ní iwájú ni ìwọ̀n A gbọ́dọ̀ tọ́ka sí.

Àgbálọgbábọ̀

AIS lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kò lè mọ̀ bóyá irọ́ ni a fi rán an. Bí atukọ̀ bá gbéra tí ó gbàgbé láti yí “ó dákọ̀ró” padà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ yóò máa kéde rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò sì ní AIS rárá. Ìdí nìyí tí ojú, rédà àti ọ̀rọ̀ ẹnu lórí VHF ìkànnì 14 fi ṣì wúlò, tí ó sì fi yẹ kí ẹni tí ó ṣètò ẹ̀rọ bẹ ẹlòmíràn kí ó ka ohun tí ó rí lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté.