Iṣẹ́ Ọwọ́ Bébà àti Ìlera Ara Wa

Ẹni tí ó bá wọ díspẹ́ńsárì wa ní Ọjọ́bọ̀, tí ó rí àwọn àgbà obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jókòó yí bàsíà ká, tí wọ́n ń fa ìwé ìròhìn ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lè rò pé orí wa kò pé. Bàbá kan bi mí ní ọjọ́ kan pé ṣé ìwé ìròhìn tí a fi owó rà ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mo ní kí wọ́n má ṣe bínú. Èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí náà lè bọ́ sínú bàsíà bí ẹ bá kà á tán. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ìyá kan, aládìrẹ ní Ìtokú, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ wọn. Wọn a máa fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sí ara aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú ibẹ̀. Ó ju ogójì ọdún lọ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn já wálẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí wá àgbo kiri. Ọsibítù ni wọ́n gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ẹsẹ̀ ti ń gbé wọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún kò lè di ìyẹ́ adìẹ mú.

Mo fún wọn ní bọ́ọ̀lù kékeré kan kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́, bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ṣé èmi ni ó wá kù tí n ó máa gbá bọ́ọ̀lù?" Wọ́n gbé e fún ọmọ-ọmọ wọn. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọwọ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ogójì ọdún, iṣẹ́ ni ó mọ̀, kò mọ eré.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àìsàn náà díẹ̀. Nínú àrùn rọpárọsẹ̀, ọwọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń ṣàìsàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ ni ó dí tàbí tí ó bẹ́, tí apá ibi tí ń rán ọwọ́ níṣẹ́ kò sì rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Ohun tí ó kú níbẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n apá ọpọlọ mìíràn lè kọ́ iṣẹ́ náà, bí a bá ń ṣe ohun kan náà léraléra lójoojúmọ́, pàápàá ohun tí ó ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí ń ṣe é.

Ìwé ìròhìn àtijọ́ kún ilé mi, nítorí ọkọ mi kì í da ọ̀kan nù. Mo kó díẹ̀ lọ fún Ìyá, mo ní kí wọ́n bá mi ya á. Ọwọ́ òsì dì í mú, ọwọ́ ọ̀tún ń fà á. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ohun tí èmi kò tíì sọ fún wọn: bí a bá fà á láti òkè sí ìsàlẹ̀, yóò ya tààrà bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé e, bí a bá fà á ní ìbú, yóò ya wọ́gọwọ̀gọ. Wọ́n ní, "Bí aṣọ ni. Ó ní òòró, ó ní ìbú." Òótọ́ ni. Fọ́nrán igi ni bébà, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń fà á gbà nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni ọ̀pọ̀ fọ́nrán náà sì dojú kọ.

Nígbà tí a ya púpọ̀ tán, a rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Omi a máa tú àwọn fọ́nrán náà sílẹ̀ kúrò lára ara wọn. A gún un nínú odó ògbólógbòó tí a kò fi ṣe oúnjẹ mọ́, a fún omi rẹ̀ dànù, a fi ẹ̀kọ láfún pò ó, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́ tí a da ojú rẹ̀ dé. Bí ó bá gbẹ, a ṣí i kúrò, ó di àwo. Yíya ń kọ́ ìka, gígún ń kọ́ apá, títẹ̀ ń kọ́ àtẹ́lẹwọ́. Èmi kò mọ eré ìdárayá tí ó tó o.

Àwo àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìyá sá a sí oòrùn ọ̀sán kí ó lè yá. Ẹ̀yìn gbẹ kí inú tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ sì ká kò. Ibòòji tí atẹ́gùn ń gbà ni ó dára, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá ronú sí i. Láti ọjọ́ náà wọn kò bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni ọwọ́ àwọn yóò dára.

Bébà kì í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta. Níhìn-ín ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní ọdún 1859. Fífi bébà tu aláìsàn nínú kì í sì í ṣe tuntun níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, a máa kó bébà àti ọ̀dà lọ fún àwọn alárùn ọpọlọ tí ó wà ní Lántòrò kí wọ́n máa ya àwòrán. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú wa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, tí ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa rí iṣẹ́ ṣe láàárín ènìyàn. Lóòótọ́, àìsàn tiwọn yàtọ̀ sí ti Ìyá, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ a máa bá àrùn rọpárọsẹ̀ rìn, mo sì rí i pé ojú Ìyá ń túká ní Ọjọ́bọ̀.

Èyí tí ó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí ẹ̀bi mi ni. Mo yin bébà ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí ká, mo pariwo, mo ní, "Ẹ wò ó, bébà ti wò yín sàn!" Ìyá gbà mí gbọ́. Wọ́n da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó jẹ́ 190 lórí 110. Bí ó bá ti ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ọsibítù ni a tún sáré gbé wọn lọ, Ọlọ́run yọ wá. Oògùn ni ó ń dáàbò bo ọpọlọ kí òmíràn má ṣẹlẹ̀. Bébà kàn ń kọ́ ọwọ́ ni. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ dá a dúró.

Bí ẹnu ènìyàn bá ṣàdédé wọ́, tí kò lè gbé apá méjèèjì sókè bákan náà, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di wúyẹ́wúyẹ́, ọsibítù ni, kí ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ọwọ́ tí ó ti kú. Kò mọ̀ ọ́n lára, yóò bó.

Ní ti bébà fúnra rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ da ẹ̀kọ tí ó bá ti kan nù, èyí tí ó bá sì hu funfun, ẹ má ṣe fín in símú. Àwo bébà kì í ṣe ti oúnjẹ. Kí n sì tún sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àkàrà: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìwé ìròhìn wé e fún yín. Òróró gbígbóná a máa fa ọ̀dà tí a fi tẹ̀ ẹ́ sínú oúnjẹ.

Àwo kẹta tí Ìyá ṣe wà lórí tábìlì mi, inú rẹ̀ ni mò ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí. Wọ́n ti fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí i lára. Ìlà náà ń gbọ̀n díẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ bá wọn tún un ṣe, wọ́n gba ìyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò tíì parí rẹ̀.